Ẹsẹ̀ Tí Fóònù Rẹ Ń Rí

Mìkáílù Àlàó, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Paris, ṣé òtútù ò fi ojú rẹ rí màbo? Ọlọ́run tó gbé ọ kọjá òkun ò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àbúrò rẹ Sìrájù ti hu eyín, ó sì ti ń fi gé mi lọ́mú jẹ. Mò ń tẹ lẹ́tà yìí sórí WhatsApp torí mi ò lè fi ohùn ránṣẹ́, bàbá rẹ dùbúlẹ̀ tì mí, etí wọn sì wà lọ́dọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ ìtẹ́lẹ̀ bàtà tí o fi ránṣẹ́ ni, èyí tó ń sọ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe gbóná sí fún fóònù rẹ, nítorí ìtọ̀ ṣúgà tó ń pa iṣan ẹsẹ̀ wọn. Wọn ò lò ó pẹ́. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí Adjamé làwọn ń bọ́ bàtà sí, olè á gbé e, ni wọ́n bá yọ ọ́, wọ́n padà sí sílípáàsì. Ìwọ sì ti ní ká má jẹ́ kó wà lásán. Mo rò pé ó dà bíi síìmù tí wọ́n máa ń pa béèyàn ò bá lò ó, ni mo bá kó o sínú bàtà tèmi kan tó tóbi jù mí lọ, mo fi àkísà dí iwájú rẹ̀, mo sì ń fi gun òkè Attécoubé lójoojúmọ́. Mo ní tọkọtaya ṣáà ni wá. Láti ìgbà náà lo ti ń ránṣẹ́ sí wọn pé ẹsẹ̀ wọn dára, àwọn náà sì gbà pé fóònù rẹ ṣì ń rí wọn bí wọ́n tiẹ̀ ti yọ ọ́.

Lánàá tí mo ń bá wọn fọ ẹsẹ̀, mo rí píìnì aṣọ tó wọ gìgísẹ̀ wọn. Wọn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ojú egbò náà ti dúdú, ó sì ń rùn. Nọ́ọ̀sì Ràdíyàtù tí mo pè wá wò ó ní ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá lónìí, kó má baà di pé wọ́n á gé ẹsẹ̀. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ àwọn wà ní Paris, ó ń rí i pé ẹsẹ̀ àwọn dára, nọ́ọ̀sì tó dúró níwájú àwọn ni kò ríran. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mò ń wọ̀ ọ́, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa kí n lè rí àwọn gbé lọ.

Jọ̀ọ́, wá owó táksí àti ti dókítà ránṣẹ́, iye tó bá wà lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ kó o tó wá owó, pè wọ́n, ìwọ nìkan ni wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀. Sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ìyá rẹ lo ti ń yìn láti ìgbà yìí wá, kì í ṣe tiwọn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ tìrẹ máa mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀.

Èmi ìyá rẹ,
Ràmúlátù