Ibi Tí Ìyá Mi Máa Jókòó Sí

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni Ṣakí wà?

Ẹ bá mi dúpẹ́! Àga òyìnbó àtijọ́ tí mò ń tún ṣe, tí ọjọ́ orí ẹ̀ ju tèmi lọ, mo ti rí rọ́bà tó di ẹ̀yìn ẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo Òṣòdì. Fàtáì mẹkáníìkì l'Ápákun ló fún mi ní rọ́bà tó máa ń gbé ẹ́ńjìnnì mọ́tò dúró. Mo gé e, ó ṣe rẹ́gí!

Ẹ ní ẹ fẹ́ wá wo ilé tí mo gbà l'Éjìgbò. Ó sún mọ́ ibi iṣẹ́ gan-an ni: bí mo bá ti lajú báyìí, mo ti débi iṣẹ́ nìyẹn. Mo kàn ní láti gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára kí n tó kírun. Àga mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ mi, irú ẹ̀ ò sì pọ̀ l'Ékòó.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Ìsíátù. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé kó tó di Jímọ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn tó ni àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ láti Ire-Akárì wá gbé wọn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ríbi jókòó.

Ọmọ yín,
Ìdírísù