Ẹnìkan Ṣoṣo Ló Ń Ṣílẹ̀kùn

Màmá mi,

Ẹ ní kí ló dé tí mi ò gbé fóònù. Mo wà dáadáa, iṣẹ́ ni.

Ẹ rántí pé kọ̀ǹpútà ńlá kan la máa ń pín sí kéékèèké fún àwọn oníbàárà. Ọpọlọ mẹ́jọ ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá dé láti ìta, á kanlẹ̀kùn, ọpọlọ kan á sì pa ohun tó ń ṣe tì láti dá a lóhùn. Ó yẹ kí wọ́n jọ máa dáhùn ni. Ọ̀gá wa kọ̀, ó ní èyí àkọ́kọ́ ló mọṣẹ́, kí gbogbo ẹ̀ máa lọ bá a. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìka kan ni tiwa. Àkọ́kọ́ ń ṣílẹ̀kùn láti àárọ̀, méje yòókù jókòó bí àlejò, oníbàárà sì ń pariwo pé ẹ̀rọ òun ti kú.

Àwa mẹ́fà la wà ní ọ́fíìsì. Èmi ni wọ́n pè.

Mo tún iṣẹ́ náà pín fún ọpọlọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀gá ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, máa bá wa ṣe ìyókù." Igba ẹ̀rọ ni ìyókù.

Ara mi le. Orí àga ọ́fíìsì ni mo kàn ń sùn.

Mo ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín nípa òrùlé tó ń jò, oògùn yín tó tán, àti ìjà àwọn ayálégbé. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ jọ wà ládùúgbò. Kẹ́ ẹ tó kí wọn, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn tiwọn náà.

Èmi àbígbẹ̀yìn yín.