Jẹmímà, Àdàbà Tí Kì Í Dákẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ohùn dídùn o. Ẹ má dárúkọ mi, torí màmá mi ń gbọ́ yín lórí rédíò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

Èmi ni mo sọ àbúrò mi jòjòló ní Jẹmímà, ọmọbìnrin tí Ọlọ́run fi rẹ Jóòbù lẹ́kún. Àdàbà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àdàbà wo? Tó bá figbe ta, òrùlé mẹ́ta á ṣí!

Màmá mi ní, "Ìwọ aláròyé, ṣebí o ní orúkọ ń ro ọmọ? Lọ́jọ́ Àìkú, a ó pa á dà."

Ṣùgbọ́n oyún méjì ti bà jẹ́ lára wọn kí Jẹmímà tó dé. Ilé wa dákẹ́ títí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀. Á kọ́ ìwà àdàbà tó bá yá; ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ké tẹ́rùn ná.