Ìbéèrè Tẹ́ ẹ Kọ Sétí Ìwé

Bàbá mi, Mínísítà Ọ̀rọ̀ Òkèèrè fún gbogbo Ìwó pátá,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kì í fẹ́ kí n máa fi ọ̀rọ̀ yípo, ẹ máa ń ní kí n sọ ibi tí mò ń lọ kí n tó gbéra, torí náà ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́: mo ti rí ìdáhùn sí ohun tí ẹ ń wá kiri nínú gbogbo ìwé yẹn. Inú ìwé kọ́ ni mo ti rí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá kàn là á mọ́lẹ̀ báyìí, ẹ ò ní gbà. Tíṣà ni yín, ẹ ó ní ẹ̀rí dà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọdún kejì rèé tẹ́ ẹ ti fi wá sílẹ̀. Orúnkún Màmá ò gba àtẹ̀gùn mọ́, yàrá kan ṣoṣo tó sì wà nísàlẹ̀ ilé wa ni yàrá ìwé yín. Wọn ò bẹ̀ mí pé kí n palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ẹ mọ ìyàwó yín, wọ́n kàn ń sun orí àga ní pálọ̀ ni, wọ́n ní àwọn gbádùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ní Ìbàdàn dé lọ́jọ́ Ẹtì kan, tí mo bá wọn tí ọrùn ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, inú bí mi sí yín, Bàbá, inú bí mi gidigidi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, mò ń bá ẹni tí kò lè dá mi lóhùn jà. Irú èèyàn wo ló ń fi ìwé bọ́ǹbù kún ilé títí ìyàwó ẹ̀ ò fi ríbi fẹ̀yìn lélẹ̀?

Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú láti mọ ohun tó ń ṣe yín. Gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá lẹ máa ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ẹ ó lọ lóṣòó ti ìwé àlòkù tí wọ́n pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ ò jẹ́ ra ìwé ìtàn, ẹ ò jẹ́ ra ìwé àdúrà. Bọ́ǹbù átọ́míìkì, àdéhùn lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì, ohun tí Amẹ́ríkà sọ fún Rọ́ṣíà àti èsì tí Rọ́ṣíà fọ̀, ìyẹn nìkan lọjà yín. Àwọn tó ń ta ìwé náà mọ̀ yín débi pé bí ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan bá kú, tí àwọn ọmọ ẹ̀ sì kó ìwé ẹ̀ síta, tiyín ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣà sọ́tọ̀. Òǹtẹ̀ láíbìrì ilẹ̀ òkèèrè wà lára òmíràn. Orúkọ ẹni tí a ò mọ̀ rí wà nínú òmíràn. Mo rántí èyí tí ọkùnrin kan kọ sínú ẹ̀ pé òun fi ta àfẹ́sọ́nà òun lọ́rẹ ọjọ́ ìbí, ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń ka bọ́ǹbù tí wọ́n tọ́jú sábẹ́ ilẹ̀. Èmi àtẹ̀yin rẹ́rìn-ín ọ̀hún títí, a ní abájọ tọ́mọbìnrin náà fi tà á.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá kọ́kọ́ rò pé obìnrin lẹ ń lọ rí ní Ìbàdàn? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi láìpẹ́ yìí ni. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn yọ́ tú báàgì yín, tí àwọn ò bá nǹkan míì ju ìwé lọ, inú àwọn dùn, inú àwọn ò sì dùn tán, torí obìnrin ì bá tiẹ̀ bá àwọn gbálẹ̀.

Ojú mi ṣì ń rí yín. Bí òjò bá ti wọlé tán, ẹ ó tẹ́ ẹní síwájú ilé, ẹ ó sá ìwé bí ẹni ń sá èlùbọ́, ẹ ó fi sítáàṣì lẹ ẹ̀yìn èyí tó ti tú, ẹ ó ju káńfọ̀ sáàárín wọn nítorí kòkòrò. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ láti ọ̀nà Olúpọ̀nnà á ní, Bàbá Bọ́ǹbù, ṣé ogun ti dé ni? Ẹ ó ní kò tíì dé, kí wọ́n máa lọ dáná. Ọjọ́ tí rédíò sọ pé àwọn alágbára méjì ti fa ìwé àdéhùn kan ya, ẹ ò jẹ iyán tí Màmá gún. Màmá ń bèèrè ẹni tó kú. Ọjọ́ náà ni mo fi yín joyè Mínísítà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ mi. Àwọn àna jókòó, ẹ̀ ń ṣàlàyé fún bàbá ọkọ mi ìdí tó fi yẹ kí ará Ìwó bìkítà nípa bọ́ǹbù, mo bá já a gbà lẹ́nu yín. Mo ní bàbá mi mọ iye bọ́ǹbù tó wà ní Rọ́ṣíà, kò mọ iye ihò tó wà lára páànù ilé ẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ wá dìde, ẹ wọ yàrá yín, ẹ rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ojú ń tì mí dòní. Mi ò bẹ̀ yín nígbà tẹ́ ẹ wà láyé. Mò ń bẹ̀ yín báyìí, ẹ forí jì mí.

Ó dáa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di páálí. Mo gbé páálí àkọ́kọ́ fún ìyá tó ń dín àkàrà ní ìkángun àdúgbò wa, pé kó máa fi pọ́n àkàrà. Ẹ má bínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ra àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀ fún èmi àti Màmá, mo tú u sórí àwo, mo bá rí ìkọ̀wé yín lábẹ́ òróró. Àwòrán atẹ́gùn ló wà lójú ìwé náà, bí atẹ́gùn ṣe ń gbé eruku bọ́ǹbù láti ibì kan dé ibòmíràn. Létí ẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ méjì: Ìwó ńkọ́?

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní bí òyìnbó bá ń sọ̀rọ̀ gbogbo ayé, Ìwó ṣáá ni tiyín. Mo padà sínú yàrá, mo ṣí ìwé míì. Ó wà níbẹ̀. Mo ṣí òmíràn. Ibikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ aṣálẹ̀ Sàhárà, tàbí ọyẹ́, tàbí eruku, ẹ ti kọ ọ́ sétí ẹ̀: Ìwó ńkọ́? Nínú ìwé tẹ́ ẹ rà nígbà tẹ́ ẹ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, lẹ́tà yín dúró ṣánṣán. Nínú àwọn tẹ́ ẹ rà kẹ́yìn, ọwọ́ ti ń gbọ̀n. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo sáré padà lọ bá ìyá alákàrà, mo gba ohun tó kù nínú páálí. Ó ti fi díẹ̀ tà, ó sì ń wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú.

Màmá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá ti ṣáájú ìgbà tí àwọn wọlé yín, kí n lọ bi Ìyá Kúta, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin, torí àwọn nìkan ló kù nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ mu ọmú kan náà. Mo lọ.

Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń ṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi ìwé olóròóró náà hàn wọ́n, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún wọn. Wọ́n ṣẹ́ ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi: Dọ́káàsì.

Bàbá, ẹ ní àbúrò. Àwa ọmọ yín mẹ́ta ò gbọ́ ọ rí. Kí ló dé?

Ìyá Kúta ní ọyẹ́ tó tẹ̀lé òmìnira ni. Àwọn Faransé ń yin bọ́ǹbù nínú aṣálẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì ń pariwo ẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí oníkálukú bo oúnjẹ àti omi ẹ̀, torí ọyẹ́ lè gbé májèlé wá. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí yín, wá fi ìkòkò omi sábẹ́ ìtọ́jú yín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni yín. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ máa dé e, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó. Lọ́jọ́ kan ẹ lọ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ gbàgbé. Ìgbà tí Ìyá Àgbà fi máa ti oko dé, eruku ti bo ojú omi, Dọ́káàsì sì ti bù ú mu. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ikọ́ fi dé. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Dọ́káàsì ti kú.

Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń dé gbogbo omi tó wà nílé, títí kan ife tí èèyàn ń mu lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń ti gbogbo fèrèsé pa bí ọyẹ́ bá ti dé, tí àwa ń làágùn lọ́sàn-án nínú ilé, tí à ń bú yín lábẹ́lẹ̀. Àti Sátidé. Àti ìwé. Ẹ ń wá ojú ewé kan ṣoṣo tó máa sọ bóyá eruku yẹn dé Ìwó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ yẹn, ẹ rò ó títí ẹ fi darúgbó.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi ló sún mi dé ìbéèrè tó kàn. Mo bi wọ́n pé báwo lara Dọ́káàsì ṣe rí ṣáájú ọyẹ́ yẹn. Wọ́n ní ìgbà wo lara ẹ̀ yá? Kó tó rìn ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ti máa ń wú. Ẹyinjú ẹ̀ a máa pọ́n rúsúrúsú. Bí òtútù bá mú, á máa ké pé egungun ń dun òun, Ìyá Àgbà á fi àdí pa á lára, wọ́n á gbé e jókòó ti iná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rò pé ó kú, nígbà tí ẹnikẹ́ni nílé yẹn ò tíì gbọ́ orúkọ bọ́ǹbù. Àwọn àgbà ilé ń pè é ní àbíkú láàárín ara wọn, wọn ò sì jẹ́ kí ọmọ kékeré bíi tiyín gbọ́ sí i.

Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ débẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń gbé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sórí ìwọ̀n. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ṣé ẹ rántí nígbà tí mo fẹ́ lọ́kọ, tí gbogbo wa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? AA ni ti Màmá. AS ni tèmi, AS ni tiyín. Ẹ ka ìwé èsì yẹn lákàtúnkà, ẹ bi mí pé kí ni S yìí ń ṣe, mo ní kò lè ṣe yín ní nǹkan kan, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ yẹn ni Dọ́káàsì bá lọ, Bàbá. Inú ẹ̀jẹ̀ Ìyá Àgbà àti Bàbá Àgbà ló ti wá.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ Dọ́káàsì wò, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ọyẹ́ ọdún yẹn. Àwọn tó lọ yin irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ jẹ̀bi, ẹ ò sì ṣàṣìṣe bẹ́ ẹ ṣe ń bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ife omi kan, ọ̀sán kan, kọ́ ló ń mú kí ọwọ́ ọmọ máa wú kó tó mọ ìrìn. Òtútù ọyẹ́ ló ká ọmọ tára ẹ̀ ò le tẹ́lẹ̀ mọ́. Kúta ò sì jìnnà sílé wa. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè rí, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ òyìnbó lẹ ti ń wá a?

Ìyá Kúta mọ ìdí ẹ̀. Bí mo ṣe ṣàlàyé tán, wọ́n da ẹ̀gúsí ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n sin Dọ́káàsì, àwọn, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, na ìka sí yín níwájú gbogbo ilé, àwọn ní ìwọ lo pa á. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kí oṣù yẹn tó parí, àwọn ò mọ̀ pé ẹ gbé e pa mọ́.

Màmá ti sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá yín, ìwé yín ti gòkè lọ sí tiwọn. Èmi fúnra mi ló rù wọ́n, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Màmá ń sùn dáadáa, wọ́n tiẹ̀ ń hanrun.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ gbé Ìyá Kúta wá sí Ìwó, sí ẹ̀yìn ilé níbi tẹ́ ẹ wà. Mo gbé àga fún wọn, wọn ò jókòó. Wọ́n di ọ̀pá wọn mú, wọ́n kúnlẹ̀, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n yín, ẹni tó pọ̀n yín sẹ́yìn, kúnlẹ̀ fún yín. Mo sáré dì wọ́n mú, torí ojú mi ò rí i rí kí àgbà kúnlẹ̀ fún àbúrò ẹ̀, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n pè yín lórúkọ tí Ìyá Àgbà máa ń pè yín, Àkànní, wọ́n ní kì í ṣe ìwọ. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ báyìí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹ lè má gbọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín nìyẹn, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá kọ nìkan lẹ máa ń gbà gbọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pa á.

Èmi ni ọmọ yín ẹlẹ́nu-ṣáṣá, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lọ.