Ìwé Iná Ni Mo Pè É fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo ti fi ilé tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ni dógò lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbọ́n mi kò sì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ẹ tó bú mi, torí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn Iléyá àṣírí máa tú...

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, ní abúlé kan létí ọ̀sà tí kò jìnnà sí Ajah. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà ní primary three. Ẹ̀gbọ́n mi ò fojú kan ilé ìwé rí, ẹja ni wọ́n ń yan, owó ẹja yẹn ni wọ́n fi rán mi dé Form Five tí mo fi di akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Island. Títí di òní wọn kì í pe orúkọ mi, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí a fẹ́ kọ́lé sí Ajah, owó ẹ̀gbọ́n mi la fi ra ilẹ̀, owó oṣù mi la fi gba mortgage lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń yá òṣìṣẹ́ lówó ìkọ́lé, orúkọ àwa méjèèjì ló sì wà nínú ìwé. Opó ni ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ọmọ méjì, àwọn ń gbé yàrá iwájú, èmi àti ìyàwó mi ń gbé ẹ̀yìn. Yàtọ̀ sí ilé yìí, wọn ò ní nǹkan kan láyé.

Kí ló wá ṣe mí? Ṣé ojúkòkòrò ni? Mo ń rí bí ẹja ṣe ń bàjẹ́ mọ́ àwọn apẹja lọ́wọ́ torí kò sí yìnyín, èyí tí wọ́n bá rà wá láti Island á ti yọ́ kó tó dé, mo wá ní tí mo bá ra ẹ̀rọ ice block sí Ajah, ìyà ti tán nìyẹn, èmi náà á sinmi, ẹ̀gbọ́n mi náà á sinmi èéfín. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ mú mi lọ bá ayánilówó kan. Ọkùnrin náà ní òun lè yá mi lówó lé ilé yẹn lórí bí a ò tilẹ̀ tíì san ti àkọ́kọ́ tán, ó ní second mortgage ni wọ́n ń pè é, pé ilé náà ti níye lórí ju gbèsè tó wà lára rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi gbọ́dọ̀ tẹ̀ka, mo sì mọ̀ pé tí mo bá ṣàlàyé, wọn ò ní gbà.

Mo mú fọ́ọ̀mù wálé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ń to ẹja sórí ààrò, mo ní ìwé iná ni, pé ìjọba fẹ́ fa iná dé àdúgbò wa, kí gbogbo onílé fọwọ́ sí i. Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n na àtàǹpàkò sí mi. Wọ́n ní, “Ibo ni n ó tẹ̀ ẹ́ sí, Akọ̀wé?” Èmi ni mo di ọwọ́ yẹn mú, mo tẹ̀ ẹ́ síbi mẹ́ta. Wọ́n tún ṣàdúrà fún mi. Ọ̀rẹ́ mi wá fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí pé òun ti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn...

Mo ra ẹ̀rọ náà, mo sọ nílé pé owó cooperative ni. Iná tí ìjọba ti ń ṣèlérí fún wa tipẹ́, tí mo gbọ́kàn lé, kò dé títí di òní. Mo ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é, epo dísù ń jẹ gbogbo èrè, nígbà tó yá ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Bí gbèsè ṣe dúró sí mi lọ́rùn nìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, lẹ́tà dé nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi pamọ́, nígbà tí mo dé wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Ayánilówó náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí a ò bá san gbogbo owó tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá láàárín oṣù mẹ́ta, òun máa ta ilé. Ẹnu mi ka nǹkan mìíràn. Mo ní ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ń kí wa pé a ń san owó déédéé, pé ó ku díẹ̀ kí ilé di tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi pe ìyàwó mi kó wá gbọ́, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tiẹ̀ dùn létí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Irọ́ yẹn ló wá kó bá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá ti ku díẹ̀, kí la ń dúró dè? Wọ́n ta góòlù wọn, wọ́n gba àjọ, wọ́n ní lọ́jọ́ Monday àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá a jọ máa lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà, àwọn máa fi ọwọ́ ara àwọn san èyí tó kù, kí àwọn gba ìwé ilé. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àwọn, mo sì ń kọ́ wọn lálaalẹ́. Mo ní, “Àǹtí mi, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ jẹ́ kí n lọ san án.” Wọ́n ní, “Rárá. Ó ti pẹ́ tí o ti ń rìn ín fún mi. Jẹ́ kí èmi náà fojú mi rí i.”

Tí a bá débẹ̀, ẹni tó wà ní káńtà á ṣí fáìlì, á sọ fún wọn lójú gbogbo èèyàn pé ìwé ilé ò lè jáde, torí gbèsè kejì wà lórí rẹ̀, ayánilówó náà ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn.

Mo ti jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi. Láti ọjọ́ náà oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé oyún ni, wọ́n ń se ọbẹ̀ ẹja tútù fún un láràárọ̀. Ìyàwó mi ní tí n kò bá sọ ọ́, òun á kó ẹrù òun lọ sílé bàbá òun.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin, ṣé ayánilówó kejì lè ta ilé nígbà tí a ń san ti àkọ́kọ́ déédéé? Tó bá tà á, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ san fún, kí ló máa kù fún ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lè pa méjèèjì pọ̀ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀? Tàbí ká fi owó góòlù yẹn san ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ná... ṣé mo tún lẹ́nu láti bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀? Ṣé àtàǹpàkò ẹni tí wọ́n tàn jẹ dúró lábẹ́ òfin? Tí mo bá lọ bá lọ́yà pé èmi ni mo tàn wọ́n, ṣé ilé ẹjọ́ á yọ ìpín ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ nínú gbèsè, kódà kí wọ́n tì mí mọ́lé?

Ṣé kí n sọ ọ́ kí Iléyá tó dé, kí n ba ọdún jẹ́ fún wọn, àbí kí n dúró? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti jókòó tì wọ́n nídìí ààrò láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti béèrè iye ẹja tí wọ́n tà, tí mo sì dìde. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti jẹ́wọ́ irú èyí rí, kí ó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. N ó sọ ìyókù fúnra mi.