Tolúwalàṣẹ Ń Pe Gbogbo Àdúgbò Wá Jẹun

Odòde, Ìdànrè,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Olúbísí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí iṣẹ́, mo sì kí ooru Èkó tí ẹ̀ ń fara dà. Ṣé ọ̀fun tó ń dùn ọ́ níjọ́sí ti fúyẹ́? Olúwa tó mú wa rí òpin òjò ọdún yìí láìsí ẹni tó yọ̀ ṣubú lórí àpáta yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ ní gbogbo títì tí o bá ń sọdá. Àmín. Gbogbo wa wà dáadáa níbí. Kòkó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ewúrẹ́ Ìyá Prosper ti bímọ, wọ́n sì ti kun ṣọ́ọ̀ṣì wa ní búlúù, ó wá dà bíi pé ojú ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ sí àdúgbò. Bàbá rẹ náà wà, wọ́n sì sanra. Ọ̀rọ̀ sísanra yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé dípò kí n pè ọ́, nítorí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ mi láti ṣàlàyé ara wọn.

Kí n tó sọ ohunkóhun, fọkàn balẹ̀, ara ọmọ rẹ le. Ó ń sáré kiri bí mo ṣe ń kọ èyí, ó tiẹ̀ ti fi ọwọ́ tó ní epo kan ìwé mi, o máa rí i níbẹ̀. Àmọ́ kò rí báyìí nígbà tí òjò ń rọ̀, mi ò sì sọ fún ọ, nítorí mo mọ̀ pé ọjọ́ yẹn gan-an lo máa wọ mọ́tò wá gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì Bernadette ti ilé ìlera ló wá sí ìpàdé àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní ká kó àwọn ọmọ kéékèèké wá. Ó mú téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó fi wé Tolúwalàṣẹ lápá. Mo ní aṣọ ni wọ́n fẹ́ rán fún wọn. Mo dúpẹ́ títí, mo sì sọ fún un pé kó fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ lápá nítorí ọmọ ń dàgbà. Ó wò mí. Èmi náà ń rò ó nínú mi pé aránṣọ wo ni kì í wọn àyà, tí kì í wọn gígùn, àfi apá nìkan. Ìgbà náà ló fi hàn mí pé téèpù yẹn ní àwọ̀: àwọ̀ ewé ni ti ọmọ tó ń jẹun kánú, yẹ́lò ni ti ọmọ tó yẹ ká máa ṣọ́, pupa ni ti ọmọ tí wọ́n á gbé lọ sí ọsibítù ńlá ní Àkúrẹ́. Yẹ́lò ni ọmọ wa, ó sì ti ń sún mọ́ pupa. Olúbísí, mo gbé e mọ́ra. Ọmọ tí o gbé lé mi lọ́wọ́.

Àmọ́ àwọn èèyàn ilé ìlera yìí ṣe wá lóore, Ọlọ́run ló máa bá mi san án. Gbogbo Ọjọ́rú, kálukú á mú ohun tó bá ní lóko wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ní ẹ̀wà á mú ẹ̀wà, ẹni tó ní ẹ̀fọ́ á mú ẹ̀fọ́, ẹni tí adìẹ rẹ̀ yé á mú ẹyin, a ó jọ sè é, àwọn ọmọ á jọ jẹ ẹ́. Nọ́ọ̀sì kọ́ wa láti lọ àgbàdo, ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà pọ̀ fún ògì wọn, ká sì fi edé sí i. Mo bi í pé ẹyin tí a ń fún ọmọdé yìí, ṣé kò ní sọ wọ́n di olè bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń wí. Ó ní òun jẹ ẹyin dàgbà, kí n yẹ àpò mi wò bóyá nǹkan kan ti sọnù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, kò sí ohun tó sọnù.

Wọ́n tún gba nọ́ńbà mi. Láràárọ̀ ni ẹnì kan ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti bi mí bóyá ọmọ ti jẹ ẹyin tàbí ẹ̀wà. Kì í pẹ́, kì í gbàgbé, àní lọ́jọ́ ìsinmi. Mo máa ń kọ̀wé padà kí i, mo ń bi í nípa àwọn ọmọ tirẹ̀, mo ń bi í bóyá òun náà ti jẹun. Kò dáhùn rí. Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa nìyẹn, kì í tàkúrọ̀sọ lẹ́nu iṣẹ́.

Síbẹ̀ ọmọ ò sanra. Mò ń sè, àwo ń ṣófo, yẹ́lò ò kúrò. Mo gbàdúrà sórí ògì, mo da omi àdúrà sí i. Mo tiẹ̀ rò pé bóyá wọ́n fọ téèpù yẹn ni, tó fi súnkì.

Ọjọ́ kan ni nọ́ọ̀sì yà wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Tolúwalàṣẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo rẹ̀. O mọ̀ pé mo ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé, kò ní fi ṣíbí kan ẹnu kó tó pe ẹni tó bá wà nítòsí, ohun tí mo fi ń yangàn ládùúgbò nìyẹn. Ó rí nọ́ọ̀sì, ó ní, "Àǹtí, ẹ wá jẹun." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Á gba ibi ire." Ọmọ ń wò ó. Ó tún ní, "Àǹtí, ẹ wá jẹun," ó na ṣíbí sí i. Olúbísí, ọmọ náà ò mọ ohun tó ń jẹ́ á gba ibi ire. Kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ibi tí nọ́ọ̀sì ti ń wò mí ni Dúrójaiyé ọlọ́kadà, ará ilé kejì, ti kọjá. Ọmọ pè é. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní ọmọ gidi ni, ó gba ṣíbí, ó bu tirẹ̀ jẹ, ó gun ọ̀kadà lọ. Kò pẹ́ ni bàbá rẹ jáde láti yàrá, tàwọn ti ṣíbí tiwọn lọ́wọ́. Wọn ò tíì rí àlejò. Wọ́n ní, "Tolú, ṣé o ò ní pe bàbá lónìí ni?"

Nọ́ọ̀sì ò bínú. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fún òun ní apá. Téèpù ò yí i po. Ó ní, "Bàbá, mo ti rí ibi tí ògì náà ń gbà lọ." Bàbá rẹ ní ọmọ ló pè wọ́n, ẹni tí ọmọ bá pè tí kò bá jẹ, ṣé kò ní dà bíi pé ó kórìíra ọmọ? Wọ́n ní ṣíbí kan péré sì ni. Nọ́ọ̀sì ní ṣíbí kan péré náà ni ti gbogbo àdúgbò. Wọ́n wo apá ọmọ, wọ́n wo tiwọn, wọ́n fi ṣíbí wọn sápò.

Àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ láti ojúlé dé ojúlé tí wọ́n ń sọ fún èèyàn pé bí Tolúwalàṣẹ bá pè yín, á gba ibi ire ni kí ẹ wí o. Wọ́n tún gbé fóònù mi, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bẹ ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kó má bínú. Kò dá wọn lóhùn. Wọ́n ní inú ṣì ń bí i.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, wọ́n fi téèpù wé ọmọ rẹ. Àwọ̀ ewé! Gbogbo àwa obìnrin pàtẹ́wọ́. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nọ́ọ̀sì láti fi dúpẹ́, kò gbà á, ó ní ká sè é fún àwọn ọmọ. Máa rántí rẹ̀ ládùúrà.

Ní ti owó, bísíkíìtì àti ohun mímu inú páálí tí o máa ń fi ránṣẹ́ yẹn, má rà wọ́n mọ́, owó wọn ni kí o fi ránṣẹ́, màá fi ra abo adìẹ tó ń yé. Má gba báǹkì, ọmọbìnrin ibẹ̀ ní káàdì mi ti kú, mo sì ti bá a kẹ́dùn. Fi rán Adégòkè, ẹ̀gbọ́n Prosper, tó mú ìwé yìí wá. Fi owó àwo ńlá kan lé e fún bàbá rẹ, nítorí mo ti ń se ògì sóyà tiwọn lọ́tọ̀.

Ohun kan ló kù. Láàárọ̀ yìí, ọmọ rẹ jókòó ti àwo rẹ̀, ó kọjú sí títì níbi tí kò ti sí ẹnì kankan, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá jẹun." Mo fẹ́ bá ọ dáhùn pé á gba ibi ire, kò wá sí mi lẹ́nu. Gbogbo wa la ti gbà láti máa wí bẹ́ẹ̀. Ìwọ má wí i. Wálé ní Kérésì, kí o gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, kí o jẹ ẹ́.

Ọlọ́run tó ń bọ́ ọmọ rẹ níbí yóò bọ́ ìwọ náà lọ́hùn-ún, àwo rẹ ò ní ṣófo, o ò sì ní wá ẹni tí wàá pè jẹun tì.

Èmi ni màmá rẹ.