Bàbá tó Kí Mi láti Kétu

Ìyá Aliyyah,

Mo ti lọ sí Tápà. O jàre tí o ní ká mú rédíò alágbèéká tó ní báǹdì púpọ̀, èyí tá a lè fi bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo gbé e gun àpáta ẹ̀yìnkùlé, ni bàbá arúgbó kan bá ń kí mi láti Kétu, lódìkejì bọ́dà. Kò sí wáyà, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lásán ló gbé ohùn rẹ̀ wá. Orí mi ṣì ń wú. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìgbà tó bèèrè bóyá mo ṣì wà níbẹ̀ ni mo tó rántí pé kò rí mi. Ohun tó ba jalabíà mi jẹ́ nìyẹn.

Mo fi rédíò náà sílẹ̀ ní títàn lójú fèrèsé. Má yọ ọ̀pá èríà rẹ̀. Bí bàbá bá tún sọ̀rọ̀, má fèsì, èmi nìkan ni mo níwèé àṣẹ ìjọba láti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kúnlẹ̀.

Bàbá Aliyyah